Ẹni tí A Ṣẹ̀ Ńkọ́? Èrò Wa Lórí Eré Arákùnrin Jero

A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó jẹ́ kí àjọ̀dún ilé-ìwé wa ti ọdún yìí lọ ní ìrọ̀rùn. Ìsìn ìdúpẹ́ ti kọjá, a ti pín ẹ̀bùn fún àwọn tí ó yege, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ sì ti padà sí ibi tí wọ́n ti wá. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò tíì tán lẹ́nu àwọn ènìyàn, èyí ni eré orí ìtàgé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì òkè fi dá wa lára yá ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. The Trials of Brother Jero ni wọ́n ṣe, eré apanilẹ́rìn-ín tí Wọlé Ṣóyínká kọ. Gbogbo gbọ̀ngàn ni ó rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn ẹ̀rín náà ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀.

Apá kan nínú àwọn òbí wí pé kò yẹ kí ilé-ìwé Onígbàgbọ́ gbé eré tí ó fi wòlíì ṣe yẹ̀yẹ́ ka iwájú àwọn ọmọdé. Apá kejì wí pé eré ni eré ń jẹ́. Kí ẹni tí ó ti rẹ́rìn-ín máa lọ sílé. Àwa tí a ń ṣe àkóso ìwé yìí kò sí lẹ́yìn ọ̀kan nínú méjèèjì. Ní tiwa, eré náà kì í ṣe ọ̀tá ìgbàgbọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ẹ̀rín lásán. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀rọ̀ ìdáríjì ní ibi tí ó ti ń dunni, ó sì bi wá ní ìbéèrè kan tí ó yẹ kí ilé-ìwé tí ń jẹ́ orúkọ Kristi lè dáhùn: nígbà tí a bá ṣẹ ẹnì kan, tí a sì ké pe Ọlọ́run pé kí ó dárí jì wá, ẹni tí a ṣẹ̀ gan-an ńkọ́?

Kí a kọ́kọ́ dá àwọn òbí wa tí ọkàn wọn kò balẹ̀ lóhùn. Ní ọdún 1960 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí, ní Mellanby Hall, ọ̀kan nínú àwọn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn. Ẹni tí ó kọ ọ́ kì í ṣe àlejò nínú ilé Ọlọ́run: bàbá rẹ̀ ni ọ̀gá ilé-ìwé Ìjọ Áńgílíkà ti St. Peter's ní Aké, ní Abẹ́òkúta, inú ọgbà ìjọ náà ni ó sì gbé dàgbà. Bákan náà, Hubert Ògúndé, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní bàbá eré ìtàgé ní ilẹ̀ wa, ìjọ ni ó kọ́kọ́ ṣe eré fún, ní ọdún 1944, ìtàn ọgbà Édẹ́nì ni ó sì fi bẹ̀rẹ̀. Ìtàgé àti ìjọ kì í ṣe àjèjì sí ara wọn. Ní ti yẹ̀yẹ́, kì í ṣe wòlíì tòótọ́ ni eré yìí fi ṣe yẹ̀yẹ́, ayédèrú ni. Olúwa wa fúnra rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ kìlọ̀ fún wa nípa ìkookò tí ó wọ awọ àgùntàn.

Fún àǹfààní àwọn tí kò sí níbẹ̀, ìtàn náà kò gùn. Jero jẹ́ wòlíì etí òkun, ní Bar Beach, ní Èkó. Ó ra ẹ̀wù àrán ní àwìn lọ́wọ́ oníṣòwò kan tí ń jẹ́ Àmọ̀pé, kò sì san owó rẹ̀. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àmọ̀pé jókòó ti ẹnu ọ̀nà rẹ̀, ó ní òun kò ní kúrò níbẹ̀ àfi bí òun bá gba owó òun. Wòlíì bá gba ojú fèrèsé sá lọ. Ẹni tí ó fi kẹ̀kẹ́ gbé Àmọ̀pé wá síbẹ̀ ni Chume, ọkọ rẹ̀, mẹ́sẹ́ńjà ni ní ọ́fíìsì, ọmọ ẹ̀yìn Jero sì tún ni. Chume kò mọ̀ pé ilé wòlíì òun ni ìyàwó òun jókòó tì. Jero náà kò mọ̀ pé ìyàwó ọmọ ẹ̀yìn òun ni ó ń sin òun ní gbèsè.

Ó ti pẹ́ tí Chume ti ń bẹ Jero pé kí ó gba òun láàyè láti na ìyàwó òun, ẹ̀ẹ̀kan péré. Jero kò gbà. Bí ọ̀rọ̀ náà bá ti jáde lẹ́nu Chume, wòlíì a ké pe Ọlọ́run kí ó dárí ji ẹlẹ́ṣẹ̀ náà, ní ọ̀sán, ní òru, ní òwúrọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wá yé Jero pé ìyàwó Chume yìí kan náà ni ó ń lé òun kiri nítorí owó, kíá ni ó yí ohùn padà. Ó ní Ọlọ́run ti fọwọ́ sí i. Ìkìlọ̀ kan ṣoṣo ni ó fi kún un: kí Chume mú un lọ sílé kí ó tó nà án, kí ará ìta má bàa rí ìjà ilé wọn. Ẹnu ìjà náà ni àṣírí ti tú sí Chume lọ́wọ́ nípa ẹni tí ó ni ilé náà. Ó gbé àdá, ó lé Jero. Nígbà tí eré yóò fi parí, Jero ti rí aṣòfin kan sọ di ọmọ ẹ̀yìn, ó sì ti ń ṣètò bí wọn yóò ṣe gbé Chume lọ sí ilé wèrè.

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé Chume ná. Òǹkọ̀wé kò fi ẹnikẹ́ni ṣe áńgẹ́lì níbẹ̀. Ẹnu Àmọ̀pé mú bí abẹ. Ó ń fi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ ṣẹ̀sín, ó ń fi í wé àwọn tí ó ti rọ́wọ́ mú, kò sì sí òwúrọ̀ tí kò ní ẹjọ́ tirẹ̀. Bí obìnrin ẹlẹ́ja bá kọjá, ìjà ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá dúró lójijì, ìjà ni. Chume ní ẹ̀dùn ọkàn tòótọ́. Àmọ̀pé náà ní tirẹ̀: ó ń fi òógùn ojú ṣòwò, wọ́n jẹ ẹ́ lówó, ọkọ kò sì lè bá a gbà á. Bí a bá wo ilé bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe ohun tí kò ní àtúnṣe. Ahọ́n àti eyín pàápàá ń jà. Ohun tí wọ́n nílò ni ẹni tí yóò pe àwọn méjèèjì jókòó, tí yóò gbọ́ ti èyí, tí yóò gbọ́ ti tọ̀hún. Ẹni tí Ọlọ́run ìbá lò fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni wòlíì wọn. Ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti bàjẹ́.

Nítorí Jero kò fẹ́ kí ìjà náà parí. Ó jẹ́wọ́ rẹ̀ fún àwọn òǹwòran: bí Chume bá rí ohun tí ó ń wá, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀, bí ọkàn rẹ̀ bá sì balẹ̀, kò ní padà wá mọ́. Oúnjẹ wòlíì ni àìbalẹ̀ ọkàn àwọn ọmọ ìjọ. Nítorí náà ni ó ṣe ń fún Chume ní ìdáríjì bí ìgbà tí oníṣègùn bá ń fún aláìsàn ní oògùn tí ń mú ìrora lọ, tí kì í wo àrùn. Chume a lọ sílé pẹ̀lú ìbínú tí ó gbé wá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì a sì tún gbé e padà sí etí òkun.

Ẹ tún wá wo èyí. Gbogbo ariwo ìdáríjì tí a gbọ́ nínú eré yìí, ojú ọ̀run ni wọ́n kọ sí. Ta ni ó lọ bá Àmọ̀pé? Chume kò wí fún un rí pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ dun òun, ẹ jẹ́ kí a tó sọ pé kí ó bi í léèrè ohun tí ó dùn ún. Jero tí ó jẹ ẹ́ ní gbèsè kò bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ kan sí i. Fèrèsé ni ó gbà. Kí Jero tó di ẹni tí ń dá dúró pàápàá, ó ti da ọ̀gá rẹ̀, wòlíì àgbà tí ó kọ́ ọ níṣẹ́, nítorí ilẹ̀ etí òkun. Bàbá náà fi í bú, ó bá tirẹ̀ lọ. Jero kò lọ bẹ̀ ẹ́. Nínú eré tí àdúrà ìdáríjì pọ̀ tó báyìí, ẹnì kan ṣoṣo kò rí ìdáríjì gbà lọ́wọ́ ẹnì kejì.

Bí Yorùbá ṣe mọ ẹ̀bẹ̀ kọ́ nìyí. Láàárín wa, ẹ̀bẹ̀ ní ẹsẹ̀, ó sì ní orúnkún. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni yóò dìde nílé rẹ̀ tí yóò gba ilé ẹni tí a ṣẹ̀ lọ. Bí ẹ̀ṣẹ̀ náà bá tóbi, yóò wá àgbà tí ojú rẹ̀ ní ọ̀wọ̀ mú lọ́wọ́. Yóò dọ̀bálẹ̀ tàbí kí ó kúnlẹ̀, yóò sì fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ ohun tí ó ṣe. Lẹ́yìn náà ni ẹni tí a ṣẹ̀ yóò sọ tẹnu rẹ̀, bí ó ti wù kí ó korò tó, kò sì sí ẹni tí yóò já a lu. Ìgbà tí ó bá ti sọ̀rọ̀ tán ni a tó lè bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí ó tán nínú òun. Nǹkan wà tí a ní láti dá padà, a ó sì dá a padà. Àwọn baba wa tí kò tíì gbọ́ ìyìn rere mọ èyí.

Ìyìn rere kò sì pa á rẹ́. Ńṣe ni ó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú Àdúrà Olúwa gẹ́gẹ́ bí Mátíù ti kọ ọ́, ọ̀rọ̀ tí Bíbélì Yorùbá lò ni gbèsè. Orí gbèsè gidi ni eré Jero náà dúró lé, owó tí ó lé ní pọ́n-ùn kan díẹ̀, iye tí kò yẹ kí ó da ilé kankan rú. Olúwa kọ́ wa lórí òkè pé bí a bá ti mú ọrẹ dé iwájú pẹpẹ, tí a sì rántí pé arákùnrin wa ní ohun kan sí wa, kí a fi ọrẹ náà sílẹ̀, kí a lọ bá a làjà ná. Ọlọ́run gbà láti dúró dè wá títí a ó fi dé láti ilé ẹni tí a ṣẹ̀. Sákéù agbowó-òde kò wulẹ̀ sunkún nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀. Ó dìde, ó sì ṣèlérí láti san ohun tí ó fi èrú gbà padà ní ìlọ́po mẹ́rin. Bí Jero bá ti san owó ẹ̀wù náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn, kò sí ìjà, kò sí àdá, kò sí ilé wèrè.

Ibì kan wà nínú eré náà tí a kò gbọdọ̀ fò kọjá. Nígbà tí Jero gba Chume láàyè láti na ìyàwó rẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti pọ̀ jù nínú gbọ̀ngàn. A kò dá àwọn òṣèré lẹ́bi. Wọ́n mọ iṣẹ́ wọn, òǹkọ̀wé náà sì mọ ìdí tí ó fi fi ẹ̀rín síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó dá wa lójú pé nínú ilé-ìwé tí ó kún bí tiwa, àwọn ọmọ wà tí wọ́n jókòó nínú òkùnkùn gbọ̀ngàn náà tí wọn kò rẹ́rìn-ín, nítorí ohun tí ń ṣẹlẹ̀ lórí ìtàgé ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ ìmọ̀ràn Jero dáadáa: kí ará ìta má rí i. Ó ti gbọ́ ọ lẹ́nu bàbá, lẹ́nu ìyá, nígbà mìíràn lẹ́nu àlùfáà. Wọ́n ti wí fún ìyá rẹ̀ pé obìnrin rere a máa dárí jini, kí ó padà sílé, kí ó máa gbàdúrà.

Àwa kò gbà pé ìdáríjì nìyẹn. Lílu ènìyàn kì í ṣe àṣírí ilé tí a ń bò. Ẹ̀ṣẹ̀ ni níwájú Ọlọ́run, ó sì lòdì sí òfin ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe òfin ààbò lọ́wọ́ ìwà ipá inú ilé láti ọdún 2007, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2015, òfin tí ó ka lílu ọkọ tàbí aya sí ọ̀ràn. Nígbà tí ẹni tí kì í ṣe òun ni wọ́n lù bá ń pín ìdáríjì káàkiri ní orúkọ ẹni tí wọ́n lù, ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ ni ó ń fi ta ọrẹ.

Ẹnìkan lè bi wá pé: ṣé Olúwa kò wí fún Pétérù pé kí ó dárí jini ní ìgbà àádọ́rin lọ́nà méje ni? Ṣé lórí àgbélébùú kọ́ ni ó ti gbàdúrà fún àwọn tí kò bẹ̀ ẹ́? Bẹ́ẹ̀ ni, ìdáhùn náà sì yẹ wá. Ẹni tí a ṣẹ̀ lè dárí jini kí a tó bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀bùn rẹ̀ ni, kò sì sí ẹni tí ó lè dí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ ẹrù wíwúwo kalẹ̀ lórí ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jésù tí ó gbàdúrà náà ni wọ́n kàn mọ́ igi; ọgbẹ́ ara rẹ̀ ni ó ń dárí rẹ̀ jì. Àti pé ọ̀tọ̀ ni kí a dárí ji ènìyàn, ọ̀tọ̀ ni kí a tún fi ara wa lé e lọ́wọ́. Jósẹ́fù fẹ́ràn àwọn arákùnrin rẹ̀ dé ibi pé ó ń yà sí kọ̀rọ̀ láti sunkún, síbẹ̀ kò fi ara rẹ̀ hàn wọ́n títí ó fi rí Júdà tí ó gbà láti di ẹrú nítorí Bẹ́ńjámínì. Ó fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tí ó tà á ti yí padà. Kò sí ẹni tí ó pè é ní aláìdáríjini.

Ohun kan kù nínú eré náà, òun ni ó sì kan ọgbà wa jù lọ. Nínú gbogbo wọn, Chume nìkan ni ó sọ òótọ́ nípa Jero ní ìgbẹ̀yìn, òun náà sì ni wọ́n pè ní wèrè. A kò gbè é lẹ́yìn nípa àdá tí ó gbé, bẹ́ẹ̀ ni a kò gbàgbé ohun tí ó ń wá ààyè láti ṣe sí ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ó ti rọrùn tó láti fi orúkọ pa ẹnu ẹni tí ó ní ẹ̀sùn. Ní ilé-ìwé, a kì í pè é ní wèrè. A ń pè é ní ọmọ oníjàngbọ̀n, ẹlẹ́jọ́ wẹ́wẹ́, ẹni tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ kíláàsì kìíní tí ó wí pé ẹ̀gbọ́n kíláàsì òkè kó gàrí òun, tàbí pé ó fi ìgbànú na òun lóru, a máa ń kánjú bá a sọ pé kí ó dárí jì í, Onígbàgbọ́ ni wá. Ní ìpéjọpọ̀ òwúrọ̀, a ó ní kí àwọn méjèèjì bọ ara wọn lọ́wọ́, gbogbo ilé-ìwé yóò pàtẹ́wọ́, ó parí. Gàrí kò padà. Ìgbànú ṣì wà níbẹ̀. Ọmọdé náà ti kọ́ ẹ̀kọ́ kan nípa ìdáríjì tí kò sí nínú Bíbélì: pé ohun tí a fi ń pa aláìlágbára lẹ́nu mọ́ ni.

Nítorí náà ni a ṣe ń dá àbá mẹ́rin yìí. Èkíní, kí àwọn olùkọ́ má fi agbára mú ọmọ kankan sọ níwájú èrò pé òun ti dárí jini. Kí wọ́n pe àwọn méjèèjì sí yàrá, kí ẹni tí a ṣẹ̀ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, kí ẹni tí ó ṣẹ̀ sì dárúkọ ohun tí ó ṣe. Èkejì, kí ohun tí a gbà padà sí ọwọ́ ẹni tí ó ni ín kí a tó gbàdúrà. Bí ó bá ti jẹ́ gàrí, kí ó jẹ́ gàrí. Ẹ̀kẹta, kí ọ̀rọ̀ tí ó bá ti kan lílù, tàbí ohun tí ó burú ju lílù lọ, má parí sí ọwọ́ aṣáájú akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ẹgbẹ́ àdúrà. Ọ̀gá àgbà ilé-ìwé ni kí ó gbọ́ ọ, kí àwọn òbí sì gbọ́. Ẹ̀kẹrin, kí olùkọ́ kan lọ́kùnrin àti ọ̀kan lóbìnrin wà tí gbogbo ọmọ mọ̀ pé àwọn lè lọ bá bí ilé wọn bá dàrú, láìsí ìbẹ̀rù pé a ó sọ fún wọn pé kí ará ìta má gbọ́.

A tún ní ọ̀rọ̀ fún ara wa, àwa àgbà. Àwọn ọmọ wò wá ju bí wọ́n ti wo ìtàgé lọ. Bí olùkọ́ bá fi ẹ̀sùn èké na ọmọ, tí ó sì wá mọ̀ lẹ́yìn ọ̀la pé kì í ṣe òun, kí ó pè é níwájú kíláàsì tí ó ti nà án, kí ó tọrọ àforíjì. Bí òbí bá jẹ alágbàtọ́ tàbí oníṣòwò lówó, kí ó má ṣe rán ọmọ lọ sí ẹnu ọ̀nà láti sọ pé òun kò sí nílé. Jero kékeré ni a ń tọ́ bí a bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwa náà ni a ó sì ra ẹ̀wù àrán fún un.

A kí ẹgbẹ́ òṣèré wa kú iṣẹ́. Wọ́n mú wa rẹ́rìn-ín, wọ́n sì fi nǹkan síwájú wa láti rò. Ẹ̀bẹ̀ wa sí gbogbo ẹni tí ó bá ka èyí ni pé kí àjọ̀dún yìí má kọjá kí a tó rìn ìrìn kan. Olúkúlùkù wa mọ ilé kan, yàrá kan, tàbí ibùsùn kan nínú ọgbà yìí tí ó yẹ kí ó ti lọ, tí ó ń fi àdúrà dípò lílọ. Ọlọ́run kò kọ àdúrà náà. Ó kàn ń wí pé kí a fi ọrẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kí a kọ́kọ́ lọ.